Ẹ Ka Ìlà Ìkẹyìn: Bí Ìjọ Tuntun Ṣe Ń Gba Ìrànwọ́ Lọ́wọ́ Àjọ Tó Ń Gbin Ìjọ

Ìwé tí àjọ kọ sí wa kò ju ojú ewé méjì lọ. Ojú ewé kejì ni wọ́n ya tábìlì sí: oṣù wà lápá òsì, iye owó wà lápá ọ̀tún. Ọkọ mi ka ìlà àkọ́kọ́, ó pariwo "Ògo ni fún Ọlọ́run!" Èmi náà ka ìlà àkọ́kọ́, mo ka ìkejì, mo rí i pé wọ́n dọ́gba, mo bá pa ìwé náà dé. Kò sí ẹni tó ka ìlà kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú wa. Òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ọkọ mi ló ń wàásù nígbà náà, èmi ni mo ń kọ ìwé owó. (Àṣìṣe nìyẹn pàápàá, n ó padà sí i.) Lónìí mo wà lára àwọn tó ń bá àjọ ka ètò ìnáwó àwọn tó fẹ́ lọ dá ìjọ sílẹ̀. Ohun tí mo sì kọ́kọ́ ń wá nínú ìwé ẹnikẹ́ni ni ọjọ́ tí owó wa yóò dúró. Ọmú ni ìrànwọ́ àjọ. Kò sí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú títí ọmọ fi ń gbéyàwó. Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí wọn yóò já yín lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun.

Irú àjọ wo lẹ fẹ́ lọ bá?

Àwọn ìjọ tó ti dúró dáadáa ló máa ń parapọ̀ dá irú àjọ báyìí sílẹ̀. Wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n ń yẹ àwọn tó fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ ìjọ wò, wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn fún ọdún mélòó kan. Kì í ṣe ohun tuntun. Ìjọ Áńtíókù ló gbọ́wọ́ lé Bánábà àti Sọ́ọ̀lù tó sì rán wọn jáde (Ìṣe 13). Àwọn ará Fílípì ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí Pọ́ọ̀lù nígbà tó wà ní Tẹsalóníkà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan (Fílípì 4). Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé fọ́ọ̀mù wà, ìgbìmọ̀ wà, tábìlì tó ní òdo nísàlẹ̀ sì wà.

Àmọ́ wọn ò rí bákan náà. Àwọn kan wà tí ènìyàn ni ẹ̀bùn wọn tó tóbi jù. Holy Trinity Brompton, ìjọ Áńgílíkà kan ní London, mọ ìyẹn ṣe: wọ́n á yan àlùfáà, wọ́n á sì ní kí àwọn ọmọ ìjọ kan bá a kó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni St Peter's ní Brighton, ṣọ́ọ̀ṣì tó ti fẹ́ di títì pa, ṣe gba ẹ̀mí padà ní 2009. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni. City to City jáde láti ara ìjọ Redeemer tí Tim Keller dá sílẹ̀ ní New York ní 1989, kíkọ́ àwọn tó ń dá ìjọ sílẹ̀ láwọn ìlú ńlá káàkiri ayé sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Acts 29, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ló so wọ́n pọ̀. Bí ẹ kò bá gba ẹ̀kọ́ Reformed gbọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ John Calvin àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ẹ má wulẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù wọn. Association of Related Churches, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ARC, dé ní 2000, ìpalẹ̀mọ́ fún ọjọ́ tí ìjọ yóò kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé ló sì jẹ wọ́n lógún jù. Àwọn Onítẹ̀bọmi Gúúsù ní Amẹ́ríkà ní Send Network fún irú iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn tiwọn ni àpò àjùmọ̀ní kan wà tó ti wà láti 1925, Cooperative Program, tí ìjọ kọ̀ọ̀kan ń yọ ìdá kan sí nínú ọrẹ rẹ̀, tí wọ́n sì ń pín in fún iṣẹ́ ìhìnrere nílé àti lókè òkun.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ̀wé sí àjọ èyíkéyìí, ẹ bi ara yín pé: kí ló kù díẹ̀ káàtó fún wa gan-an? Ẹni tó ní ènìyàn ogójì lẹ́yìn rẹ̀ tí kò mọ ìwé owó kọ kò nílò ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ tó sì jẹ́ pé òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà. Mo ti rí ẹni tó ń lé owó kiri fún ọdún kan, nígbà tó jẹ́ pé olùkọ́ ọmọdé méjì ló nílò.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Kí àjọ tó sọ̀rọ̀ owó, wọn yóò yẹ yín wò, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sì ni ó sábà máa ń gbà. Ọ̀pọ̀ lára ohun tí wọ́n ń lò ló ti ara iṣẹ́ Charles Ridley wá, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ní àwọn ọdún 1980 ló to ìwà 13 kan jọ tí a fi ń dá ẹni tó lè dá ìjọ sílẹ̀ mọ̀. Ṣé ẹ máa ń dìde bí ẹ bá ṣubú? Ṣé ara yín yá mọ́ ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé ọkọ tàbí ìyàwó yín wà nínú rẹ̀ tọkàntọkàn? Bí wọ́n ṣe ń bèèrè ni kí ẹ fiyè sí: ohun tí ẹ ti ṣe rí ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ohun tí ẹ ní lọ́kàn láti ṣe.

Mo jókòó síbi àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti bi arákùnrin kan pé kí ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òfo rí. Ìran tó rí ló fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣàlàyé. Ìran náà dára, mo tilẹ̀ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, ìbéèrè wa ṣì wà níbi tí a gbé e sí. Tọkọtaya kan ló wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó ló dáhùn. Ó ní ìpàdé àdúrà ní pálọ̀ àwọn, ènìyàn mẹ́ta lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wọn sì sùn lọ. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó ku méjì. Ó sọ ìdí tí ẹnì kẹta fi lọ, pé òun gan-an ló bá a wí lójú gbogbo ènìyàn. Ó sọ bí òun ṣe lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, àti bí obìnrin náà ṣe padà wá tòun ti àbúrò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, wọ́n ti di mẹ́rìnlá. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sórí ìwé rẹ̀ kí obìnrin yìí tó dákẹ́.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ múra sílẹ̀, tòun ti iye ènìyàn, tòun ti ibi tí ẹ ti ṣìṣe. Ìgbìmọ̀ mọ òórùn ìtàn tí kò ní àbùkù.

Wọ́n tún máa ń ya tọkọtaya sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ kan sọ fún wa níhìn-ín pé, "A ti fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ owó." Nínú yàrá kejì, ìyàwó rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ní wọ́n máa san fún wa?" Nítorí náà, ẹ jókòó nílé, ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ kọ ohun tí ilé yín ń ná lóṣù sílẹ̀, àti gbèsè tó wà nílẹ̀. Wọ́n máa bèèrè gbèsè. Gbèsè tí a sọ kì í sábà ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Èyí tí a fi pamọ́ tí wọ́n sì wá rí ni ó ń bà á jẹ́.

Àwọn àpò tí owó ti ń wá

Mẹ́rin ni wọ́n. Ìjọ ìyá, ìyẹn ìjọ tó rán yín jáde. Àjọ fúnra rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ yín: ẹbí, ọ̀rẹ́, àwọn ọmọléèwé yín àtijọ́, tí wọ́n ṣe ìlérí iye kan lóṣooṣù. Àti ẹ̀yin alára, ìyẹn ìwọ̀nba àwọn tí ẹ jọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn dá gbé gbogbo ẹrù. Ọ̀pọ̀ àjọ tilẹ̀ wà tí kò níí fún yín ní kọ́bọ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ rí i pé àpò kẹrin ti ń mú nǹkan wá.

Lórí àpò àwọn ọ̀rẹ́, ẹ gbọ́ tiwa. Ènìyàn 31 ló buwọ́ lùwé pé àwọn yóò máa ran ìjọ lọ́wọ́ lóṣooṣù. Mo kó gbogbo 31 sínú ètò ìnáwó. Lóṣù àkọ́kọ́, 19 ló san. Lóṣù kẹfà, wọ́n ti di 12, kì í sì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn tó kù. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òmíràn bímọ, òmíràn gbàgbé lásán. Láti ìgbà náà, ìdajì ìlérí ni mo máa ń kọ sínú ìwé. Ẹni tó bá ti san lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra ni mo ń kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún.

Ní ti owó àjọ, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é, "ìrànwọ́," ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Ó lè jẹ́ ẹ̀bùn pátápátá. Ó lè jẹ́ ìdọ́gba: iye tí ẹ bá kó jọ ni àwọn náà yóò fi kún un, títí dé ààlà kan. Ó sì lè jẹ́ owó yíyá, tí kò sábà ní èlé, tí ẹ ó máa dá padà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè gbé e fún ìjọ mìíràn. Èmi kò rí àléébù lára ti yíyá, torí owó tó ń padà wálé ń bí ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó buwọ́ lù ú: ìgbà wo ni sísan máa bẹ̀rẹ̀? Bí ìjọ náà bá kú lọ́dún kejì, ta ló jẹ gbèsè? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ni, ẹ dìde níbẹ̀. Ilé yín kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun ìdúró fún gbèsè ìjọ.

Ẹ tún ya owó ìbẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó oṣooṣù. Àga, ẹ̀rọ, owó àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ń san ìwọ̀nyẹn. Ìdánwò tó wà níbẹ̀ ni pé owó náà máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń dà bí ọrọ̀. A ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó lè pe gbogbo àdúgbò jọ, ènìyàn 40 ló wà nínú gbọ̀ngàn, àwọn àgbàlagbà mẹ́fà sì dúró títí ìwàásù fi parí nítorí pé àga kò tó.

Àtẹ̀gùn tó ga jù ni ìkẹyìn

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ mú kálámù.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ìnáwó ìjọ yín lóṣù kan. Ẹ má tíì ronú owó orílẹ̀-èdè kankan, ẹ kàn pín in sí ìdá ọgọ́rùn-ún. Owó oṣù pásítọ̀ gba 50. Gbọ̀ngàn gba 25. Iṣẹ́ àwọn ọmọdé àti ẹ̀rọ gba 10. Ohun kéékèèké gba 5. Ó ku 10. N ó sọ ibi tó ń lọ láìpẹ́.

Lọ́dún àkọ́kọ́, àjọ gbé 60, ìjọ ìyá gbé 20, ọrẹ àti ìdámẹ́wàá tiyín gbé 20. Lọ́dún kejì, àjọ 40, ìjọ ìyá 20, tiyín 40. Lọ́dún kẹta, àjọ 20, ìjọ ìyá 10, tiyín 70. Gbogbo ènìyàn máa ń wo èyí, wọn á ní ó dára, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ wo oṣù 37. Àjọ òdo, ìjọ ìyá òdo, tiyín 100. Láti 20 sí 40, ẹ gun 20. Láti 40 sí 70, ẹ gun 30. Láti 70 sí 100, 30 mìíràn ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ẹ ń gùn ún ní òru ọjọ́ kan, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó di ọwọ́ yín mú mọ́. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé 100 náà kò dúró síbi tó wà. Ìjọ tó ń dàgbà nílò gbọ̀ngàn tó tóbi jù, ó nílò olùtọ́jú ọmọ sí i. Nígbà tó bá fi máa di ọdún kẹta, 100 ti di 120 tàbí 130, tábìlì àjọ kò sì mọ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wá sọ́dọ̀ wa ni pé kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí àwọn méjèèjì má ṣe dúró lọ́jọ́ kan náà. Bí àjọ bá dúró ní oṣù 36, kí ìjọ ìyá dúró ní oṣù 42. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń gbà, torí kò sí ẹni tó bèèrè rí. Kò fi bẹ́ẹ̀ ná wọn ní nǹkan kan, ó sì sọ àtẹ̀gùn kan tó ga di méjì tó ṣeé gùn.

Ìṣirò kejì: ẹ ka ilé, ẹ má ka orí. Lóṣù kẹrìnlélógún wa, ènìyàn 70 ló ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbọ̀ngàn kún, fọ́tò dára. Nígbà tí mo jókòó ti ìwé owó, ilé 22 ni àwọn 70 náà ti wá, ilé 11 péré ló sì ń mú nǹkan wá déédéé. Orí ilé 11 ni ìjọ náà dúró lé, àwa kò mọ̀. Ìdí nìyí tí ìròyìn tí mò ń bèèrè báyìí fi ní ìlà kan fún iye ilé tó ń fúnni déédéé, yàtọ̀ sí iye ènìyàn tó wá.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọkọ mi padà sídìí iṣẹ́ àtúnṣe fìríìjì tó ti pa tì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ojú kọ́kọ́ tì í. Èmi ni mo ka Ìṣe 18 fún un lálẹ́ ọjọ́ kan, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń pa àgọ́ pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà ní Kọ́ríńtì. Ó dáhùn pé Pọ́ọ̀lù kò ní ọmọ mẹ́ta. Òótọ́ ni. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ìjọ kò tú, ọkùnrin méjì tó ń bá a tún fìríìjì ṣe sì di ọmọ ìjọ. Bí mo bá tún padà bẹ̀rẹ̀, láti oṣù kìíní ni n ó ti ní kó máa ṣiṣẹ́ náà fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, dípò kó fi sílẹ̀ pátápátá kó sì wá padà sí i tìtìjútìtìjú.

Ènìyàn ju owó lọ

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, owó ọdún méjì tàbí ènìyàn ogún tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń san ìdámẹ́wàá, n kò níí ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú ènìyàn. Àmọ́ ẹ fọgbọ́n bá ìjọ ìyá sọ ọ́. Kò sí pásítọ̀ tí inú rẹ̀ ń dùn pé kí wọ́n kó àkápò rẹ̀ àti olórí akọrin rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá kàn ní "ẹ fún wa ní ènìyàn," àwọn tó ń dà á láàmú ni yóò kọ́kọ́ rántí. Ẹ lọ pẹ̀lú ohun tí ẹ nílò: ẹnì kan tó mọ ìwé owó, méjì tó fẹ́ràn ọmọdé, ẹnì kan tó máa ń tètè dé láti to àga. Ẹ má da ara yín láàmú lórí akọrin. Wọ́n máa ń wá fúnra wọn.

Ìrànwọ́ mìíràn wà tí kì í fara hàn nínú tábìlì. Àwọn àjọ kan máa ń fi ẹni tó fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀ sí ìjọ tó ti dúró fún ọdún kan, lórí owó oṣù ìjọ yẹn, kó lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìsìnkú, ìpàdé ìgbìmọ̀ àti ìjà akọrin. Ọ̀pọ̀ ló ń fúnni ní olùtọ́sọ́nà, ẹni tó ti dá ìjọ sílẹ̀ rí, tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ má ṣe yẹ ìpàdé yẹn sílẹ̀. Ẹni tiwa ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí pé, "Ta ló ń ka ìwé owó tí ìwọ bá ti kọ ọ́ tán?" N kò ní ìdáhùn.

Ìwé owó, àti ìdí tí n kì í fi í kọ ọ́ mọ́

Ìyàwó pásítọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ àkápò. Bó tilẹ̀ jẹ́ áńgẹ́lì. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é kí àjọ tó ní kí n gbé e sílẹ̀, inú mi ò sì dùn. Èmi rò pé wọ́n fura sí mi ni. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù pàápàá, nígbà tó ń kó owó ìrànwọ́ lọ fún àwọn ará Jerúsálẹ́mù, kò jẹ́ kí Títù dá gbé e. Ó fi àwọn ará mìíràn kún un, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi bò: kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn bá wí (2 Kọ́ríńtì 8).

Nítorí náà: ẹ fi orúkọ ìjọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ibi tí ẹ wà. Ẹ ṣí akáǹtì lórúkọ ìjọ, owó kan kò gbọdọ̀ gba inú akáǹtì pásítọ̀ kọjá, bó ṣe ọjọ́ kan. Ẹni méjì tí kò bá ara wọn tan ni kó máa buwọ́ lù ú. Ọrẹ tí a bá gbà lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni méjì ni kó kà á kó tó kúrò nínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Owó tí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ lé lórí, iṣẹ́ yẹn nìkan ni kó ṣe. Àwa yá owó gbọ̀ngàn oṣù méjì láti inú owó tí àjọ fún wa fún ẹ̀rọ. A ní a ó dá a padà, a sì dá a padà. Ṣùgbọ́n oníṣirò àjọ rí i nínú ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta wa, wọ́n sì dá owó tó kàn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí a bá ti kọ ímeèlì ìlà mẹ́ta sí wọn ṣáájú, kò níí rí bẹ́ẹ̀.

Okùn tó wà lára owó

Kò sí owó tí kò ní okùn. Kí ẹ kàn mọ bó ṣe gùn tó ni. Ẹ bèèrè pé: ìgbàgbọ́ wo ni a ó buwọ́ lù? Ṣé àjọ lè yọ pásítọ̀? Bí a bá ra ilé lọ́la, orúkọ ta ni yóò wà lórí rẹ̀? Bí a bá kúrò nínú àjọ, kí ni a ó dá padà? Ìdá mélòó nínú ọrẹ wa ni a ó máa san, títí di ìgbà wo?

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Henry Venn, akọ̀wé àgbà àjọ CMS (Church Missionary Society, àjọ ajíhìnrere àwọn Áńgílíkà) ní London láti 1841 sí 1872, ló ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ìjọ tuntun ṣe àkóso ara rẹ̀, kó bọ́ ara rẹ̀, kó sì tan ara rẹ̀ kálẹ̀, kí ajíhìnrere wá kúrò níbẹ̀ lọ síbi tó kàn. Lábẹ́ èrò yẹn ni wọ́n fi Samuel Ajayi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ṣùgbọ́n London ni àpò owó wà. Lẹ́yìn ikú Venn, àwọn tó gba ipò rẹ̀ kò ronú bíi tirẹ̀, nígbà tó sì di 1890, Crowther fi ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó owó iṣẹ́ ìhìnrere ní Odò Ọya (Niger) sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Lọ́dún 1890 yẹn kan náà ni John Nevius, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà, lọ sí Kòríà, tó sì ń kọ́ àwọn ajíhìnrere ibẹ̀ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan bọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó.

Èmi kò gba ti Nevius tán. Ebi ti pa wá rí, n kò sì fẹ́ kí ó pa ẹlòmíràn nítorí ìlànà. Ṣùgbọ́n mo gba apá kan: kí fífúnni bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní. 10 tí mo fi sílẹ̀ lókè, ibi tó ń lọ nìyẹn. Láti orí ọrẹ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbà, ẹ yọ ìdá kan nínú rẹ̀ fún ìjọ tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ níbòmíràn. Yóò kéré débi tí yóò fi pa yín lẹ́rìn-ín. Tiwa kò tó owó àga méjì. A ṣì fi ránṣẹ́, mo sì lẹ ìwé tí wọ́n fi dá wa lóhùn mọ́ ògiri yàrá ìgbìmọ̀.

Bí ìṣirò kò bá pé

Ẹ má dúró di oṣù tó kẹ́yìn. Bó bá ku oṣù mẹ́fà kí owó dúró, tí ẹ sì rí i pé tiyín kò níí tó, ẹ kọ̀wé. Bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí mi nìyí:

"Ẹ̀yin ará wa, ó ku oṣù mẹ́fà kí ìrànwọ́ yín dúró. Ìnáwó wa lóṣù jẹ́ 115. Tiwa ń mú 78 wá, láti ilé 19. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, 70 ni, láti ilé 16. A ti kó kúrò ní gbọ̀ngàn ńlá, pásítọ̀ sì ti gba iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Méjèèjì yóò dín ìnáwó náà kù sí 98 láti oṣù tó ń bọ̀. Ó ṣẹ́ ku 20. A ò bẹ̀ yín fún owó sí i. A fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́fà tó kù di mẹ́sàn-án, láìfi kún àpapọ̀ owó náà, kí ó lè máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwé owó wa wà nínú ìwé yìí. Àkápò wa, tí kì í ṣe ìyàwó pásítọ̀, ló kọ ọ́."

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí mo bá gbà á náà ni mò ń gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀.